Ìkòkò Ọbẹ̀ Tó Ń Bá Òjò Rìn: Bí A Ṣe Ń Se Oúnjẹ Ìgbà fún Ìdílé ní Ìfọ̀nyìn

Ẹ dé ọjà Ìfọ̀nyìn ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ ó rí tẹ̀tẹ̀ àti gbúre nílẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Ìyá tó ń tà á lè fi odindi ìdì kan ṣe ènì fún yín, torí ó mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ṣú, ewé náà á rọ. Ẹ padà lọ bá ìyá kan náà lóṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti fa ilẹ̀ gbẹ. Ìdì rẹ̀ á ti tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀ àlòkù, owó rẹ̀ á ti gun òkè, ọ̀rọ̀ ènì ò sì ní jáde lẹ́nu rẹ̀ rárá.

Ohun tó wà láàárín ọjọ́ méjèèjì yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ilé tó bá ń jẹ ohun tí òjò gbé wá, lásìkò tí òjò gbé e wá, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú èyí tó ṣẹ́kù de ọjọ́ ọ̀wọ́n, ilé náà á jẹ ohun tó ṣara lóore, owó ò sì ní tán lápò wọn.

Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní Ifangni, wà ní ẹkùn Plateau, lẹ́bàá ibodè Nàìjíríà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò ń wá bá wa lọ́dún. Àkọ́rọ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, á sì rọ̀ títí wọ oṣù keje. Lóṣù kẹjọ, á dá díẹ̀. Àrọ̀kúrò á gbà á láti oṣù kẹsàn-án títí wọ oṣù kọkànlá. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn ńlá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé inú ẹ̀ẹ̀rùn yìí ni ìyàn wà. Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Lóṣù kejìlá, àgbàdo àrọ̀kúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹ̀wà tuntun wà lọ́jà, ọsàn ń já bọ́ nídìí igi. Ìgbà tó le jù ni oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà, tí oko tutù yọ̀yọ̀ tí àká sì ṣófo. Àgbàdo ti hù, ó ti ga dé orúnkún, ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ ewé àgbàdo? Bí ẹ bá ń ka gbogbo ìmọ̀ràn tó wà nísàlẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí oṣù mẹ́ta yẹn máa wà lọ́kàn yín.

Nǹkan mìíràn tún wà tó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Lóṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà ti ibodè ilẹ̀ rẹ̀ pa. Ìgòlò, tó jẹ́ ti Ìfọ̀nyìn tó sì kọjú sí Ìdírókò, dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n ṣí àwọn ibodè kan lóṣù kejìlá 2020, àmọ́ ó di oṣù kẹrin 2022 kí wọ́n tó ṣí ti Ìdírókò. Ilé tó gbára lé ìndómì àti tòmátì inú agolo tó ń ti òdìkejì wọlé kò lè gbàgbé ìgbà náà. Ilé tó ní ebè ewúro mẹ́rin lẹ́yìnkùlé kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ ìgbà sára ògiri ilé ìdáná

Ẹ wá bébà tó fẹ̀, kódà kó jẹ́ ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àná. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, kí ẹ sì kọ ohun tó ń pọ̀ lọ́jà sí abẹ́ ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi ti ìwé ìròyìn kankan ṣe é, títí kan èyí tí ẹ ń kà yìí. Ẹ lọ sọ́jà, kí ẹ fi ojú ara yín rí i, kí ẹ bi àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́. Èyí tó wà lára ògiri tèmi nìyí, kí ẹ lè rí bó ṣe rí.

Lábẹ́ oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, mo kọ máńgòrò, gbúre, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, àti epo pupa tuntun, torí ìgbà yẹn ni ẹyìn ń pọ̀ jù. Àgbálùmọ̀ tó kù díẹ̀ náà wà níbẹ̀. Lábẹ́ oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, àgbàdo tútù ló gba iwájú, ewédú àti ilá tẹ̀ lé e, olú ń hù nínú igbó, ẹ̀pà tuntun ń jáde, ìyeyè ń já bọ́, iṣu tuntun sì ń ti ọ̀nà òkè sọ̀kalẹ̀ wá bá wa. Oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá tún jẹ́ ti ewé, ti ilá, ti tòmátì, ti ata. Oṣù kejìlá sí oṣù kejì jẹ́ ti ọsàn, ẹ̀wà, àgbàdo gbígbẹ àti gààrí. Ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í fi wá sílẹ̀, ẹ kọ wọ́n sí ibi tó bá wù yín.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan nínú rẹ̀. Máńgòrò pọ́n gẹ́lẹ́ nígbà tí àká ń ṣófo. Èso tó pọ́n rẹ̀súrẹ̀sú yẹn ní èròjà tí ara ń sọ di fítámì A, tó ń ṣọ́ ojú àti awọ ọmọdé. A sì máa ń jẹ́ kó jẹrà sábẹ́ igi ká tó lọ fi owó ra bisikí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tó tó 400 gíráàmù lójúmọ́, ó kéré tán. Bí àgbà mẹ́fà bá wà nílé, kílò méjì àti 400 gíráàmù nìyẹn. Kò sí ìkòkò ẹ̀fọ́ tó lè dá gbé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí èso wà lára ògiri: máńgòrò ńlá kan lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ti gba iṣẹ́ ńlá lọ́wọ́ ọbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ̀fọ́ tí kò kú sínú ìkòkò

Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tí kò mọ ẹ̀fọ́ í sè. Bí a ṣe ń sè é ni mo ní ẹjọ́ lé lórí. A ó gé ewé, a ó fọ̀ ọ́, a ó bọ̀ ọ́, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó tún wá fi í sórí iná fún ìdajì wákàtí. Omi tí a fún dànù yẹn, inú rẹ̀ ni oore ewé náà bá lọ.

Fún ènìyàn mẹ́fà, ẹ wá ìdì tẹ̀tẹ̀ ńlá mẹ́rin tàbí márùn-ún, alùbọ́sà méjì, tòmátì bíi mẹ́fà, ata rodo bí ẹ bá ṣe fẹ́ ẹ, irú ẹ̀kúnwọ́ kékeré, ẹja gbígbẹ méjì tàbí edé, àti epo pupa ṣíbí ìjẹun mẹ́rin sí márùn-ún.

Ẹ ṣa ewé, kí ẹ fọ̀ ọ́ lódindi nínú omi mẹ́ta, títí yanrìn ò fi ní sí nísàlẹ̀ báàsì mọ́. Ìgbà tó bá ti mọ́ ni kí ẹ tó gé e. Ẹni tó bá gé e kó tó fọ̀ ọ́ ń fọ oore rẹ̀ lọ.

Ẹ gún ata, tòmátì àti alùbọ́sà kan, kó má kúnná jù. Ẹ gé alùbọ́sà kejì wẹ́wẹ́. Ẹ gbé epo kaná, kí iná má le. Ẹ má yọ́ epo náà títí yóò fi funfun tàbí tí èéfín yóò fi bo ilé ìdáná. Àwọ̀ pupa yẹn gan-an ni èròjà fítámì A inú rẹ̀, bó bá ti funfun, ó ti jóná lọ. Àwa tí a ń gbé láàárín ọ̀pẹ, tí ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pọ́bẹ̀, nínú ẹkùn Plateau kan náà, láti ọdún 1922, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa pé epo pupa dára ní pupa.

Bí epo bá ti gbóná, ẹ da alùbọ́sà tí ẹ gé sí i. Bó bá ti rọ̀, ẹ da ata sí i, kí ẹ jẹ́ kó dín títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, bí ìṣẹ́jú 15. Ẹ fi irú, ẹja tí ẹ ti fọ̀ tí ẹ sì ti yọ egungun rẹ̀, àti iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ dé e fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ìgbà yìí ni ewé tó wọlé. Ẹ dà á sí i, ẹ rò ó pọ̀, ẹ má bomi sí i, omi tirẹ̀ á tó o. Ẹ ka ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Bó bá ti rọ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ sì ṣì tutù, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti di ti ewé tábà, ẹ ti pẹ́ jù.

Ẹ kíyè sí iyọ̀. Gíráàmù márùn-ún, tó jẹ́ ṣíbí tíì kan tí a tẹ́ orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má kọjá lójúmọ́, iyọ̀ inú magí sì wà nínú rẹ̀. Ilé tó bá ń sọ magí mẹ́rin sínú ìkòkò kan ti jẹ gbèsè kí wọ́n tó gbé agolo iyọ̀. Irú tó dára àti ẹja gbígbẹ tó ń rùn dáadáa á mú kí ẹ fi magí sílẹ̀ láì mọ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo o, àwọn ọmọ á dìtẹ̀. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ yọ èkejì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Àdàlú, nígbà tí àgbàdo bá tútù

Láti ìparí oṣù kẹfà, àgbàdo tútù á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Sísè àti sísun la máa ń jẹ ẹ́ jù, kò sì burú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kó dúró fún oúnjẹ alẹ́ odindi ilé, ẹ dà á pọ̀ mọ́ ẹ̀wà. Ohun tí àgbàdo kò ní tó nínú èròjà tó ń kọ́ ara, ẹ̀wà ní in, ohun tí ẹ̀wà kò ní tó, àgbàdo ní in. Àwọn tó wà ṣáájú wa kò ka ìwé èròjà kankan kí wọ́n tó da àwọn méjèèjì pọ̀.

Ẹ ṣa ẹ̀wà ife méjì, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi láti òru mọ́jú. Lówùúrọ̀, ẹ da omi náà nù, ohun tó ń fa gáàsì tó ń wú inú àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé e kaná pẹ̀lú omi tuntun àti alùbọ́sà kan tí ẹ gé sí méjì. Ẹ má tíì fi iyọ̀ sí i. Bó bá ti ń rọ̀ bọ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì jinná tán, ẹ da àgbàdo tútù mẹ́fà tí ẹ ti yín kúrò lára kùùkù rẹ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ jinná. Bí àgbàdo náà bá ti ń gbó, tó ti le sí eyín, ẹ jẹ́ kó ṣáájú ẹ̀wà dé orí iná.

Bí omi bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ẹ fi ata gígún, edé, iyọ̀ àti epo pupa ṣíbí mẹ́ta sí i. Ẹ rò ó jẹ́jẹ́, kí ẹ̀wà má fọ́ tán. Ẹ dín iná kù, ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó fa epo náà mu fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìyàwó ilé tó lóyún, tàbí ọmọbìnrin tó ti ń rí nǹkan oṣù, kó mu ọsàn tàbí kó jẹ ìbẹ́pẹ lé e. Èròjà fítámì C inú rẹ̀ ló ń ran ara lọ́wọ́ láti gba irin inú ẹ̀wà, irin yẹn sì ni ẹ̀jẹ̀ ń lò. Tíì ń ṣe òdìkejì rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mu tíì, kó jẹ́ kí wákàtí kan kọjá lẹ́yìn oúnjẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń kùnà

Ibi tí mo ní láti dúró pẹ́ jù nìyí, ẹ fara balẹ̀ bá mi dúró.

Àgbàdo àkọ́rọ̀ a máa gbó lóṣù keje, inú òjò gan-an. A ó ya á, a ó sá a sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ilé, òjò á dé, a ó kó o wọlé ní wàràwàrà, a ó tún sá a lọ́la. Lọ́jọ́ kẹta, a ó bù ú sẹ́nu, a ó ní “ó ti gbẹ,” a ó rọ ọ́ sínú àpò. Èmi fúnra mi ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan. Nígbà tí mo tú àpò náà lóṣù kẹwàá, ó gbóná lọ́wọ́ bí ẹni pé nǹkan ń mí nínú rẹ̀, ìdajì àgbàdo náà ti bu, ó dúdú, ó sì ní àwọ̀ ewé. Ìyá wa àgbà wò ó, kò bá mi wí. Ó kàn ní kí n má fún adìyẹ òun jẹ.

Ìyá mọ ohun tó ń sọ. Nínú àgbàdo àti ẹ̀pà tó bá bu báyìí, oró kan a máa wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní aflatoxin. Kò ní òórùn, kò ní adùn, iná ìdáná ò sì lè pa á. Ní Kẹ́ńyà lọ́dún 2004, ènìyàn 125 ló kú nítorí àgbàdo tí oró yìí wọ̀. Ṣùgbọ́n ká má lọ jìnnà. Lọ́dún 2002, ìwé ìṣègùn BMJ gbé ìwádìí kan jáde lórí ọmọ bíi 480 ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, láti ọmọ oṣù mẹ́sàn-án títí dé ọmọ ọdún márùn-ún. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, 99 ló ní àmì oró náà nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn tí tiwọn pọ̀ jù ló kúrú jù, àwọn ló sì fúyẹ́ jù. Ní 2004, wọ́n tún tẹ ìwádìí mìíràn jáde lórí ọmọ 200 ní Bẹ̀nẹ̀ níhìn-ín, tí wọ́n tẹ̀ lé fún oṣù mẹ́jọ. Láàárín oṣù mẹ́jọ péré, àwọn tí oró náà pọ̀ jù lára wọn fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1.7 kúrú sí àwọn tí tiwọn kéré jù. Ẹ mú rúlà ọmọ ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ wo bí 1.7 ṣe gùn tó, kí ẹ sì rántí pé oṣù mẹ́jọ ni.

Ohun tí a ó ṣe nìyí.

Ẹ má sá àgbàdo sórí erùpẹ̀. Ẹ tẹ́ tapólì, tàbí kí ẹ sá a sórí símẹ́ńtì tó mọ́. Kó má nípọn ju ìka kan lọ, kí ẹ sì máa rú u nígbà gbogbo. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, ẹ ká tapólì náà lé e lórí kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó kán.

Ẹ má fi eyín nìkan dán gbígbẹ rẹ̀ wò. Eyín a máa purọ́. Ẹ lo igò. Ẹ wá igò funfun kan tó mọ́ gaara, tó ní ìdérí, kí inú rẹ̀ gbẹ táútáú. Ẹ yan iyọ̀ díẹ̀ nínú agbada gbígbẹ kí omi ara rẹ̀ lè kúrò, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ da ṣíbí ìjẹun méjì sínú igò náà. Ẹ da àgbàdo sí i títí yóò fi dé ìdá kan nínú mẹ́ta igò. Ẹ dé e, kí ẹ mì ín fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ gbé e kalẹ̀, kí ẹ lọ ṣe nǹkan mìíràn fún ìṣẹ́jú 15. Bí ẹ bá padà dé tí iyọ̀ lẹ̀ mọ́ ara igò bí ìrì, omi ṣì wà nínú àgbàdo yín, ẹ sá a padà. Bí iyọ̀ bá ń yọ̀ ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́ lára igò tí kò lẹ̀ mọ́ ibì kankan, ẹ lè rọ ọ́.

Ẹ gbé àpò lé orí pákó, kó má kan ilẹ̀, kó má sì fẹ̀yìn ti ògiri.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ ṣà á. Ẹ dà á sórí atẹ, kí ẹ jókòó, kí àwọn ọmọ jókòó tì yín. Èyí tó bá bu, èyí tó dúdú, èyí tí kòkòrò ti lu, èyí tó fọ́, ẹ kó o sọ́tọ̀ kí ẹ sì sọ ọ́ nù. Ẹ fẹ́ ìyókù, ẹ fọ̀ ọ́, èyí tó bá léfòó ẹ dà á nù. Àwọn onímọ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde ní 2005 pé ṣíṣà, fífẹ́, fífọ̀ àti bíbó èèpo ló ń yọ èyí tó pọ̀ jù nínú oró yìí kúrò, pé kíkan ògì àti sísè kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Iṣẹ́ atẹ àti igbá tí àwọn ìyá wa ń ṣe nìyẹn kí ẹ̀rọ ìlọta tó dé. Ẹ̀pà náà, bákan náà ni kí ẹ ṣe é.

Bí ẹ bá ń sá nǹkan, ẹ sá ẹ̀fọ́ pẹ̀lú. Lóṣù kẹwàá tí ewédú àti ilá bá pọ̀, ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ gbọn omi rẹ̀ dànù, ẹ rẹ́ ilá wẹ́wẹ́, kí ẹ tẹ́ wọn sórí àwọ̀n tàbí atẹ lábẹ́ òjìji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ẹ má sá ewé sínú oòrùn gangan, oòrùn a máa jẹ èròjà inú rẹ̀. Bó bá ti ń fọ́ wéréwéré lọ́wọ́, ẹ gún un, ẹ rọ ọ́ sínú agolo tó dé pinpin. Orúnlá àti ewédú gbígbẹ yìí la ó padà bá nígbà ọ̀wọ́n. Ata kò ní wàhálà, inú oòrùn ni kí ẹ sá a sí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ̀kọ mímu fún ọmọ kékeré

Títí ọmọ yóò fi pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ni oúnjẹ rẹ̀. Omi pàápàá, kò nílò rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, a ó máa fi oúnjẹ kún ọmú. Ibí ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀kọ tó ṣàn bí omi la máa ń fún un, ṣúgà ló sì máa ń kún inú rẹ̀. Ọmọ á yó, kò ní sanra.

Ẹ ṣa àgbàdo ife mẹ́ta tó gbẹ dáadáa, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a padà. Ẹ ṣa sóyà ife kan, kí ẹ yan án nínú agbada títí yóò fi pọ́n tí òórùn rẹ̀ yóò sì máa ta sánsán. Ẹ má fo yíyan yìí o. Sóyà tútù a máa dá inú ọmọ láàmú, kò sì ní jẹ́ kí oúnjẹ dà dáadáa. Ẹ fi ọwọ́ họ èèpo rẹ̀ kúrò. Ẹ gbé méjèèjì lọ sẹ́nu ẹ̀rọ papọ̀, kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ rọ ọ́ sínú agolo tó gbẹ. Ẹ má lọ ju èyí tí ẹ ó lò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Fún oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan, ẹ fi omi tútù díẹ̀ po ìyẹ̀fun náà ṣíbí ìjẹun mẹ́ta tó kún. Ẹ dà á sínú omi ife kan tó ń hó, kí ẹ máa rò ó, kí ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ẹ bá gbé ṣíbí sókè tí ẹ̀kọ náà ń kán bí omi, ó ti ṣàn jù, ẹ fi ìyẹ̀fun pípo díẹ̀ sí i. Bó bá ń já bọ́ wúùwúù, ó ti dára. Ẹ fi epo pupa ṣíbí tíì kan sí i. Bó bá ti lọ́ wọ́rọ́wọ́, ẹ fi ọwọ́ tó mọ́ tẹ ìbẹ́pẹ tàbí máńgòrò tó pọ́n sínú rẹ̀. Adùn rẹ̀ á tó, ẹ fi ṣúgà sílẹ̀. Àwọn àgbà inú ilé lè bá a jẹ ẹ́, èmi máa ń jẹ èyí tó bá ṣẹ́kù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Oṣù mẹ́ta tí àká ṣófo

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo ohun tó wà lókè yìí, kò sí iṣẹ́ púpọ̀ mọ́ níbí. Ọbẹ̀ orúnlá ń bẹ nínú agolo, àgbàdo tó gbẹ ń bẹ nínú àpò. Gbúre ti ń hù lẹ́yìnkùlé láti oṣù kẹrin, máńgòrò ń bẹ lórí igi.

Gààrí ni ọ̀pọ̀ ilé ń fi gbé àwọn oṣù yìí. Mi ò ní bá gààrí jà, ó ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ là. Ṣùgbọ́n okun nìkan ló wà nínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dá wọ ikùn. Bó bá jẹ́ mímu, ẹ fi ẹ̀pà tí ẹ ti ṣà sí i. Bó bá jẹ́ ẹ̀bà, ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ pọ̀ jù ú lọ nínú àwo. Àwọn Gùn aládùúgbò wa ní ọgbọ́n kan nínú amiwo wọn: omi ọbẹ̀ tòmátì àti epo ni wọ́n fi ń ro ìyẹ̀fun àgbàdo, tí oúnjẹ àti ọbẹ̀ fi di ohun kan náà. Ẹ dán an wò pẹ̀lú ìyẹ̀fun tí ẹ ti ṣà, ọmọ tó kọ ẹ̀fọ́ kò ní mọ̀ pé òun ń jẹ tòmátì.

Bí ó bá jẹ́ oṣù keje ni ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ ná. Ẹ wá igò funfun kan, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì da orí rẹ̀ kodò sínú oòrùn lónìí, torí àgbàdo yín ti ń gbó lóko.